Spencer Baird, ọ̀mọ̀wé tó kó ẹja àlejò wọ odò Amẹ́ríkà

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, inú ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá ni ó ti jáde. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan gbé àbá kan wá síwájú àwọn àgbà. Wọ́n ní kòtò kan wà tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó, omi inú rẹ̀ kì í gbẹ láti ọdún dé ọdún, kò sì jìnnà sí odò kékeré kan. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ dá owó jọ, kí a ra ọmọ ẹja ilẹ̀ òkèèrè kan tí wọ́n gbọ́ pé ó máa ń tètè dàgbà, kí a dà á sínú kòtò náà. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé bí òjò bá mú kí kòtò náà kún àkúnya ńkọ́, èsì tí wọ́n fún un ni pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ẹja yóò wọ odò lọ, gbogbo ìlú yóò sì rí ẹja jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló pàtẹ́wọ́. Àwa tí a jókòó sórí àga alága gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ohun tó dá wa dúró ni ìtàn ọkùnrin kan tí a ti kà ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. A bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé tó ń bọ̀, a sì ṣèlérí pé a ó sọ ìtàn náà lójú ewé yìí kí tọmọdé tàgbà lè gbọ́ ọ. Àwọn àgbà wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìtàn náà nìyí.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Spencer Fullerton Baird. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1823 ní ìlú Reading, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Baird jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àrùn onígbáméjì pa bàbá náà, ni ìyá rẹ̀ bá kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú Carlisle, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Òun àti William ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa wọ inú igbó lọ, wọ́n a yìnbọn pa ẹyẹ, wọ́n a bó awọ rẹ̀ kí ó má bàa jẹrà, wọ́n a sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i sínú ìwé. Ohun tí àwọn ọmọ mìíràn fi ń ṣeré ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí sọ di ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1840, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Baird jáde ní Dickinson College tó wà ní Carlisle. Wọ́n rán an lọ sí New York kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì padà wálé. Ẹyẹ, ẹja, ejò àti ẹranko inú igbó ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1841, ó fi ẹsẹ̀ rìn ní máìlì 400 láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún gba orí àwọn òkè Pennsylvania, ẹyẹ ni ó ń wá kiri. 

Ní ìgbà náà, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí iṣẹ́ ẹyẹ ní Amẹ́ríkà ni John James Audubon, ẹni tó ń ya àwòrán wọn. Baird, ọmọdé tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kọ lẹ́tà sí i nípa ẹyẹ kékeré kan tí kò bá nínú ìwé rẹ̀. Audubon kò wo ti ọjọ́ orí. Ó dá èsì padà, wọ́n sì di ọ̀rẹ́, títí tí bàbá náà fi fún un ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí ó ti kó jọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fiyè sí èyí. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ìwúrí láti ẹnu ẹni ńlá lè sọ ọmọ tálákà di ènìyàn.

Ọdún 1846 ni wọ́n fi Baird ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ti kàwé jáde, ọdún náà ni ó sì fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Mary Helen Churchill, ọmọ ọ̀gágun kan. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ, Lucy ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1850, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n pè é sí Washington láti wá ṣe igbákejì akọ̀wé àgbà ní Smithsonian Institution. Ilé ìmọ̀ ni Smithsonian, ogún tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ James Smithson fi sílẹ̀ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Nígbà tí Baird ń bọ̀, ẹrù rẹ̀ kún inú wágúnù rélùwéè méjì: ẹyẹ, ẹyin, egungun, àti ẹja tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle. Ọ̀gá rẹ̀, Joseph Henry, kò fẹ́ràn kí ilé náà di ibi tí wọ́n ń kó nǹkan jọ fún ìran wíwò. Baird kò bá a jà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun tàbí àwọn awọnlẹ̀ rélùwéè bá ń lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, yóò fún wọn ní ìgò àti ọtí líle, yóò kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tọ́jú ohun tí wọ́n bá rí, wọn a sì fi àpótí ránṣẹ́ padà sí i. Nígbà tí Henry kú ní ọdún 1878, Baird ni wọ́n fi jẹ akọ̀wé àgbà, ní ọdún 1881 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí sì ṣí ilẹ̀kùn.

A sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe aláìmọ̀kan, kì í ṣe oníjìbìtì, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá kó gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ìgbà náà jọ, agbára káká ni a ó fi rí ẹni mẹ́ta tó mọ̀ nípa ẹja ju Baird lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Ọ̀rọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1871. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn apẹja etí òkun Massachusetts àti Rhode Island. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní àwọn tó ń dẹ pàkúté ńlá sí etí òkun ti fẹ́ pa ẹja run. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá ipò Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀. Òfin náà sọ pé ẹni tí yóò wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀ nípa ẹja, kò sì ní gba owó oṣù mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀. Ààrẹ Ulysses Grant fi Baird síbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, títí ọjọ́ ikú rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ fún un. Ẹ bá wa wá irú kọmíṣánnà bẹ́ẹ̀ lónìí.

Baird kò jókòó sí ọ́fíìsì. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó lọ sí abúlé etí òkun kan tó ń jẹ́ Woods Hole. Ó ń bi àwọn apẹja léèrè ọ̀rọ̀, ó ń la inú ẹja kí ó lè mọ ohun tí wọ́n jẹ, ó ń wo bí omi ṣe gbóná sí, ó ń ka iye tí wọ́n ń kó. Kò fẹ́ dájọ́ kí ó tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Títí di òní, Woods Hole ṣì jẹ́ ojúkò ìwádìí ẹ̀dá inú omi tí gbogbo ayé mọ̀, Baird ló sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ní ọdún 1872, àwọn aṣòfin tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa sin ọmọ ẹja, kí ó sì máa dà wọ́n sí odò tí ẹja inú rẹ̀ ti dínkù. Ìdí wà fún èyí. Wọ́n ti dí ọ̀pọ̀ odò fún ẹ̀rọ ọlọ, wọ́n ti gé igbó etídò, ilé iṣẹ́ ń da ìdọ̀tí sómi, ẹja onílé sì ń kú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ti Jámánì àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn wá ṣe àtìpó ń wá ẹja kan tí wọ́n ń jẹ nílé wọn, tí kò sí ní Amẹ́ríkà. Káàpù ni ẹja náà.

Àwa tí a wà lájò mọ bí ọkàn ṣe ń fà sí oúnjẹ ilé. Ta ni nínú wa tí kò tí ì sọ fún awakọ̀ kí ó bá a gbé èlùbọ́ tàbí ẹ̀gúsí láti ilé bọ̀? Nítorí náà, a kò lè dá àwọn àtìpó náà lẹ́bi.

Káàpù jẹ́ ẹja tí wọ́n ti ń sìn nínú ọ̀gọ̀dọ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà láti ayébáyé. Baird kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹja yìí yóò bá àgbẹ̀ Amẹ́ríkà mu. Ó ń jẹ ohunkóhun tó bá rí nísàlẹ̀ omi. Ó ń gbé inú omi gbígbóná tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, níbi tí ẹja mìíràn yóò ti kú. Ó ń tètè dàgbà. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin ní ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ohun tí Baird wí wọ̀nyí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ padà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ìwà tí ó fi yin ẹja náà ni ìwà tó padà sọ ọ́ di wàhálà. Ẹja tí ń jẹ ohun gbogbo, tí omi búburú kò lè pa, tí ń bímọ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò lé e jáde bí ó bá wọlé tán?

Kì í ṣe Baird ló kọ́kọ́ gbé e dé. Ní ọdún 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Julius Poppe kó káàpù láti Jámánì lọ sí California, márùn-ún péré ló dé láàyè, márùn-ún náà sì bí tiwọn. Ṣùgbọ́n Baird ló fi agbára ìjọba gbé e. Ó rán Rudolph Hessel, ọmọ Jámánì tó mọ̀ nípa ẹja sínsìn. Ìjì òkun ba ẹrù àkọ́kọ́ jẹ́, àwọn ẹja náà sì kú. Èkejì gúnlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1877, ẹja 345. Wọ́n kó wọn sí ọ̀gọ̀dọ̀ inú ọgbà Druid Hill ní ìlú Baltimore. Lọ́dún kejì, wọ́n kó díẹ̀ lára wọn lọ sí ọ̀gọ̀dọ̀ tí ìjọba gbẹ́ ní Washington, nítòsí òpó ìrántí Ààrẹ Washington.

Ní ọdún 1879, wọ́n pín ọmọ ẹja tó lé ní 12,000. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìṣèlú. Ẹni tó bá fẹ́ káàpù yóò kọ̀wé, ọ̀pọ̀ a sì gba ọwọ́ aṣòfin wọn. Ọmọ ẹja bí ogún ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, nínú wágúnù rélùwéè tí wọ́n kàn fún ẹja. Ẹ̀bùn tí kò ná aṣòfin ní nǹkan kan, tó sì ń mú kí olùdìbò rántí orúkọ rẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń pín ìrẹsì àti ànkárá ní ìgbà ìdìbò níbí ni kí ẹ fojú inú wò ó. Ní ọdún 1883 nìkan, wọ́n pín bí 260,000 ọmọ ẹja fún àwọn ènìyàn tó sún mọ́ 10,000. Nínú ẹkùn ìdìbò 301 tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, 298 ló rí káàpù gbà.

Ọdún mélòó ló wà láàárín ìgbà tí ẹja náà gúnlẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in? Ọdún méjì péré. Ọkùnrin tó lọ jókòó ti àwọn apẹja ní Woods Hole, tó ń la inú ẹja wò kí ó tó sọ̀rọ̀, kò fún ara rẹ̀ ní àyè láti wo ohun tí káàpù yóò ṣe bí ó bá bọ́ sínú odò gbangba. Ó mọ bí yóò ṣe yè. Kò wádìí ohun tí àwọn tó wà nínú omi náà ṣáájú rẹ̀ yóò fojú rí. A kò ní dá a lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ní ìgbà ayé rẹ̀, bí gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ronú nìyẹn. Wọ́n rò pé bí ẹja bá ti pọ̀ sí i, oúnjẹ ló pọ̀ sí i. Ọ̀gọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni òun sì ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gọ̀dọ̀ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Òjò rọ̀, omi ya, ọ̀gọ̀dọ̀ wó, ẹja bọ́ sí odò. Àwọn mìíràn jẹ ẹ́, wọ́n ní egungun rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n ní ó ń rùn bí ẹrẹ̀, ni wọ́n bá lọ dà á sódò. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn tilẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn dà á sínú odò àti adágún kí gbogbo ènìyàn lè rí i pa.

Ní ọdún 1880, níbi àfihàn ẹja ńlá tí wọ́n ṣe ní Berlin, ọba Jámánì fún Baird ní ẹ̀bùn tó ga jù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1887, ó kú sí Woods Hole, níwájú òkun tí ó fẹ́ràn, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó kú pẹ̀lú iyì. Àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ káàpù.

Bí káàpù ṣe ń jẹun ni pé ó ń ti ẹnu bọ ilẹ̀ omi, ó ń tú ẹrẹ̀, ó ń fa gbòǹgbò koríko omi tu. Adágún tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ rú bí omi àgbàrá. Ìmọ́lẹ̀ kò wọ inú omi mọ́, koríko kú. Pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń jẹ koríko náà kò rí nǹkan jẹ. Ẹja onílé tó ń fi ojú wá oúnjẹ kò ríran mọ́, ibi tí ó ń yé ẹyin sí sì bàjẹ́. Inú àbàtà àti irà ni wàhálà náà ti pọ̀ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni omi kò ti jìn. Àwọn ọdẹ àti apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àjọ tí Baird fi sílẹ̀ ti jáwọ́ nínú pínpín káàpù. Ní ọdún 1905, wọ́n tẹ ìwádìí tí Leon Cole ṣe lórí ẹja náà jáde, ó sì ti hàn kedere nígbà náà pé kò sí bí wọn yóò ṣe lé e lọ mọ́, pé bí wọn yóò ṣe máa bá a gbé ni kí wọ́n wá. Òótọ́ ni pé ó wúlò fún àwọn kan. Àwọn apẹja odò Illinois pa á, wọ́n tà á, wọ́n sì rí owó. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù kò padà.

A máa ń fi òwe tu ara wa nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ti Amẹ́ríkà yìí yàtọ̀. Agbè gan-an ló fọ́.

Títí di òní, wọ́n ṣì ń ná owó lórí rẹ̀. Wọ́n ti da májèlé sí adágún, wọ́n ti fa omi adágún gbẹ, wọ́n ti fi àwọ̀n onírin dí ọ̀nà tí káàpù ń gbà lọ yé ẹyin sí àbàtà. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Minnesota tún rí ọgbọ́n kan. Wọ́n fi ẹ̀rọ rédíò kékeré sínú káàpù mélòó kan, wọ́n sì dá wọn padà sómi. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí ojú omi bá dì, káàpù máa ń kóra jọ sí ojú kan. Èyí tó gbé rédíò sínú yóò tú àṣírí ibi tí àwọn yòókù wà, àwọn apẹja yóò sì fi àwọ̀n kó wọn lábẹ́ omi dídì náà. Wọ́n tún rí i pé ẹja kékeré onílé kan wà, bluegill ni wọ́n ń pè é, tó máa ń jẹ ẹyin káàpù. Níbi tí bluegill bá pọ̀ sí, káàpù kì í lè pọ̀. Ibi tí òtútù bá ti pa bluegill tán ni káàpù ti ń bímọ bí ẹni da ìyẹ̀fun. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó bá tọ́jú onílé dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ẹ ó rò pé Amẹ́ríkà yóò ti gbọ́n. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n tún kó irú káàpù mìíràn wá láti Éṣíà sí Arkansas, kí wọ́n lè máa bá wọn fọ omi ọ̀gọ̀dọ̀ mọ́. Àwọn náà bọ́ sí odò Mississippi, wọ́n ń gòkè lọ sí ìhà àríwá. Láti ọdún 2002 ni ìjọba ti ń fi iná mànàmáná sínú omi ipadò kan nítòsí Chicago kí ẹja náà má bàa wọ àwọn Adágún Ńlá. Ẹ gbọ́ ná, iná mànàmáná nínú omi, tọ̀sán tòru, nítorí ẹja.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa níbí. Ní ọdún 1954, wọ́n kó káàpù láti Austria wá sí ọgbà ẹja Panyam, ní ìhà Mangu, ní ìpínlẹ̀ Plateau yìí kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ẹja òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú èyí. Àrọ̀ tiwa, tí à ń fi se ọbẹ̀ ata, ti di wàhálà nínú odò Brazil àti Íńdíà, nítorí pé àwọn tó gbé e lọ sìn níbẹ̀ jẹ́ kó bọ́. Ẹja tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, tí ó jẹ́ onílé nínú odò Benue, ni wọ́n dà sí adágún Victoria ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ọ̀pọ̀ irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé ló pa run níbẹ̀. Ẹja rere ni nílé ara rẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí a ń gbé. Orí òkè ni. Láti orí òkè Jos ni odò Kaduna ti ń ṣàn lọ sínú Odò Ọya. Láti ibẹ̀ ni Gongola ti ń lọ pàdé Benue. Láti ibẹ̀ náà ni omi mìíràn ti ń ṣàn lọ sí ìhà adágún Chad. Ohun tí a bá dà sómi níbí, a kò lè sọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Ó lè bá àwọn ìbátan wa tó ń pẹja ní etí Odò Ọya.

Ẹnì kan lè ka èyí kí ó sọ pé kí ló dé tí àwa tí a jẹ́ àlejò fi ń sọ̀rọ̀ ẹja àlejò. A ti rò ó kí a tó kọ ọ́. Ènìyàn kì í ṣe ẹja. Nígbà tí àwọn bàbá wa dé ibí nítorí kùsà àti rélùwéè, wọ́n béèrè onílé, wọ́n kí i, wọ́n gba àyè kí wọ́n tó kọ́ ilé. Ẹnu ni wọ́n fi ṣe é. Ẹja kò ní ẹnu tí yóò fi béèrè, kò sì mọ ààlà. Ẹni tó bá gbé e dé ni ó yẹ kó bá a béèrè. Ìyẹn ni Baird kò ṣe, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀. Bí a bá da ẹja tí a kò mọ̀ sínú odò tí àwọn onílé ń pọn, tí wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀, tó bá wá di wàhálà, orúkọ ta ni wọn yóò dá? Ti ẹgbẹ́ wa ni.

Nítorí náà, àbá tiwa fún ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. A kò lòdì sí ẹja sínsìn, owó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ lọ rí àwọn onílé tó ni ilẹ̀ náà. Kí á lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ní ìpínlẹ̀ yìí, kí á béèrè ohun tí òfin sọ. Kí á sin àrọ̀ àti epìyà tó ti wà nínú omi wa tẹ́lẹ̀, kí á jìnnà sí àjèjì. Kí á sìn ín nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí a mọ odi rẹ̀ ga, tó jìnnà sí odò, tí a fi àwọ̀n onírin sí ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Bí owó bá sì tán, tí a bá fẹ́ pa iṣẹ́ náà tì, kí á kó ẹja náà tà tàbí kí á jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á sódò nítorí àánú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ gbé àbá náà wá, ẹ má bínú. Ọpọlọ yín pé, a sì dúpẹ́ pé ẹ ronú kan ẹgbẹ́. Ọpọlọ Baird náà pé. Ọdún méjì péré ni kò lè fi sùúrù kún, odò Amẹ́ríkà sì ti ń san gbèsè náà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ jẹ́ kí á fi oṣù mélòó kan béèrè. Ó dàbọ̀ o, a ó pàdé níbi ìpàdé.